Erékùṣù Wight: Ibi Ìsinmi àti Ibi Ìhámọ́

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí a bá wo àwọn àlejò tí ń ya wọ Erékùṣù Wight ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a ó rò pé kò sí ohun mìíràn níbẹ̀ ju yanrìn, oòrùn àti atẹ́gùn òkun lọ. Bàbá ń gbé ọmọ rẹ̀ léjìká lọ sí etí omi. Àwọn arúgbó jókòó sórí àga lẹ́bàá òkun. Àwọn ọ̀dọ́ ń gun kẹ̀kẹ́ kiri. Ìgbádùn ni wọ́n bá wá, ìgbádùn náà ni wọ́n sì ń rí. Ṣùgbọ́n àwọn odi tí wọ́n ń gùn àti àwọn ọgbà tí wọ́n ń rìn kiri nínú wọn, púpọ̀ nínú wọn ni kì í ṣe fún ìgbádùn ni a dá wọn sílẹ̀. Omi kan náà tí ó ń fi àlejò òní lọ́kàn balẹ̀ ni ó ti há àwọn mìíràn mọ́ nígbà kan rí. Àròkọ yìí yóò yẹ ìtàn náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀, títí dé ibi tí ìdílé Yorùbá kan ti bá a tan.

Ipò tí erékùṣù náà wà

Etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Erékùṣù Wight wà, ó kọjú sí àwọn èbúté ńlá méjì, Portsmouth àti Southampton. Láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí máìlì 23. Láti àríwá dé gúúsù rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí máìlì 13. Omi tí à ń pè ní Solent ni ó yà á kúrò lára ilẹ̀ ńlá. Níbi tí omi náà ti fẹ̀ jù, kò ju nǹkan bí máìlì márùn-ún lọ. Ní apá ìwọ̀-oòrùn, ó fún dé bíi máìlì kan. Síbẹ̀, kò sí afárá lórí rẹ̀ títí di òní. Ẹni tí yóò débẹ̀ ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi, tàbí ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbé sáré lórí omi, èyí tí ó ti ń ná Southsea sí Ryde láti 1965. Newport, tí ó wà ní àárín, ni olú-ìlú rẹ̀. Ètò ìkànìyàn ọdún 2021 bá nǹkan bí 140,000 ènìyàn níbẹ̀.

Ipò yìí ni ó fa ọ̀pọ̀ ohun tí ojú erékùṣù náà rí. Ẹni tí ó bá gbà á, ẹnu ọ̀nà àwọn èbúté ńlá náà ni ó jókòó sí yẹn.

Àwọn tí ó fi ogun wọ̀ ọ́

Ní ọdún 43 lẹ́yìn ìbí Jésù, nígbà tí àwọn ará Róòmù gbógun wá sí Bìrìtéènì, ọ̀gágun wọn kan tí ń jẹ́ Vespasian ni ó ṣẹ́gun erékùṣù náà. Vectis ni wọ́n ń pè é ní èdè tiwọn. Vespasian yìí náà ni ó wá di olú-ọba Róòmù ní ọdún 69. Àwọn ará Róòmù kọ́ ilé ńláńlá síbẹ̀. Ní Brading, a hú ọ̀kan jáde ní nǹkan bí ọdún 1879, a sì bá ilẹ̀ ilé tí a fi wẹ́wẹ́ òkúta aláràbarà ya àwòrán ènìyàn àti ẹranko sí. Ó ṣì wà níbẹ̀ fún àlejò láti wò.

Ogun tí ó burú ju èyí lọ dé ní ọdún 686. Nígbà náà, gbogbo ìjọba yòókù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gba ẹ̀sìn Kírísítì. Wight nìkan ni ó ṣẹ́ kù sínú ẹ̀sìn àbáláyé. Caedwalla, ọba Wessex, kọ lù ú. Bede, àlùfáà òpìtàn tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 731, sọ pé ète Caedwalla ni láti pa gbogbo ọmọ onílẹ̀ run kí ó sì fi àwọn ènìyàn tirẹ̀ rọ́pò wọn. Àwọn àbúrò méjì tí Arwald, ọba erékùṣù náà, ní sá kọjá omi lọ sí ilẹ̀ ńlá. Àwọn kan tú wọn fó. Ọ̀gá àlùfáà kan bẹ̀bẹ̀ kí a jẹ́ kí òun kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi fún wọn. Nígbà tí ó ṣe é tán, wọ́n pa àwọn ọmọ náà. Báyìí ni ẹ̀sìn tuntun ṣe wọ ibi tí ó gbẹ̀yìn. Bede sọ ìtàn náà pẹ̀lú ọpẹ́, ṣùgbọ́n òun kan náà ni kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tí a ta sílẹ̀ di ìgbàgbé.

Ní 1377 ó tún kan àwọn ará Faransé. Wọ́n jó àwọn ìlú erékùṣù náà níná, Newport pàápàá kò yọ. Odi Carisbrooke nìkan ni ọwọ́ wọn kò tẹ̀.

Ọba tí ó wá ààbò

Odi Carisbrooke yìí wà nítòsí Newport. Kànga kan wà nínú rẹ̀ tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 161. Kẹ̀kẹ́ igi ńlá kan, tí a kàn ní 1587, ni a fi ń fa omi rẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ a máa wọ inú kẹ̀kẹ́ náà rìn kí ó lè yí. Àwọn ọmọdé a máa pé jọ wò ó, wọn a sì máa rẹ́rìn-ín.

Nínú odi kan náà ni a há Ọba Charles Kìn-ín-ní mọ́. Ogun ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní 1642, wọ́n sì ti ṣẹ́gun rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1647, ó sá kúrò ní ààfin Hampton Court níbi tí a ti ń ṣọ́ ọ, ó forí lé Erékùṣù Wight. Èrò rẹ̀ ni pé Robert Hammond, gómìnà ibẹ̀, yóò dáàbò bo òun. Ṣùgbọ́n Ilé Ìgbìmọ̀ ni Hammond ń ṣiṣẹ́ fún. Ibi tí ọba fi ṣe ibi ìsádi ni ó wá di ẹ̀wọ̀n fún un.

Ní oṣù kẹta 1648 ó gbìyànjú láti gba ojú fèrèsé sá lọ. Ó ti dán an wò, orí rẹ̀ gba àárín àwọn ọ̀pá irin kọjá, ó sì rò pé ibi tí orí bá gbà ni ara yóò gbà. Nígbà tí alẹ́ lẹ́, àyà rẹ̀ há síbẹ̀. Agbára káká ni ó fi fa ara rẹ̀ padà sínú yàrá. Ìgbìyànjú kejì, ní oṣù karùn-ún, kò tún bọ́ sí i. Ní ìparí ọdún náà, àwọn ọmọ-ogun mú un kọjá Solent. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìn-ín-ní 1649 ni wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní London.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ní 1650 wọ́n mú ọmọ rẹ̀ obìnrin, Elizabeth, wá sí Carisbrooke kan náà. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn tí ó débẹ̀ tí òjò pa á, tí àìsàn sì gbé e dè. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ni ó kú, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Inú ìjọ Newport ni a sin ín sí. Nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn náà, Ọbabìnrin Victoria ní kí a fi òkúta funfun gbẹ́ ère ọmọ náà sórí ibojì rẹ̀.

Osborne àti Parkhurst

Victoria ni ó sọ erékùṣù náà di ibi tí gbogbo ayé mọ̀ fún ìsinmi. Ní 1845, òun àti Albert ọkọ rẹ̀ fi owó ara wọn ra ilẹ̀ Osborne nítòsí Cowes. Albert sọ pé ojú omi ibẹ̀ rán òun létí Naples ní Ítálì. Wọ́n wó ilé àtijọ́ tí wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n kọ́ tuntun, ó sì parí ní 1851. Wọ́n kọ́ ilé onígi kan sínú ọgbà fún àwọn ọmọ wọn. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ọba ti ń kọ́ oúnjẹ sísè àti iṣẹ́ oko. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní ebè tirẹ̀ àti irinṣẹ́ tí a kọ àmì orúkọ rẹ̀ sí.

Máìlì díẹ̀ sí ibẹ̀, ní Parkhurst, àwọn ọmọdé mìíràn ń kọ́ iṣẹ́ oko. Láti 1838 ni ìjọba ti sọ ilé ìwòsàn àwọn ọmọ-ogun kan níbẹ̀ di ẹ̀wọ̀n àwọn ọmọdékùnrin. Olè jíjà ni ẹ̀sùn púpọ̀ nínú wọn. A kọ́ wọn ní iṣẹ́ aṣọ rírán, bàtà ṣíṣe àti oko dídá. Láti 1842, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ kó wọn lọ sí Ọsirélíà àti New Zealand. Erékùṣù kan náà, ìgbà kan náà, ẹ̀kọ́ tí ó jọra. Ṣùgbọ́n irú ọmọ tí a ń kọ́ kò dọ́gba.

Nígbà tí Albert kú ní oṣù kejìlá 1861, Osborne di ilé ọ̀fọ̀. Aṣọ dúdú ni Victoria wọ̀ títí ayé rẹ̀. Inú ilé náà ni òun pẹ̀lú ti kú, ní ọjọ́ 22 oṣù kìn-ín-ní 1901.

Atẹ́gùn tí a fi ṣe oògùn

Bí ọba bá gbé níbì kan, ìjòyè a fẹ́ gbé ibẹ̀, ará ìlú a sì fẹ́ fojú kàn án. Ojú irin Ryde sí Shanklin bẹ̀rẹ̀ ní 1864; ó dé Ventnor ní 1866. Kì í ṣe àwọn tí ara wọn dá nìkan ni ó ń wọ ọkọ̀ náà. Òkè ńlá tí ó wà lẹ́yìn Ventnor ń gba atẹ́gùn tútù àríwá dúró, àwọn oníṣègùn sì gbà pé ibẹ̀ dára fún ẹni tí ikọ́ ife ń bá jà. A kọ́ ilé ìwòsàn ńlá síbẹ̀ fún àìsàn àyà. Karl Marx pàápàá lọ gbé Ventnor ní 1882 nítorí àyà tí ń dùn ún. Nígbà tí oògùn gidi jáde fún ikọ́ ife, ilé ìwòsàn náà kò nílò mọ́. A tì í ní 1964. Ọgbà òdòdó ni ibẹ̀ lónìí.

Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn

Àìsàn yìí kan náà ni ó mú ìtàn Yorùbá wọ Osborne. Ní Òkè-Ọ̀dàn, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò tí à ń pè ní Yewa lónìí, ni ọmọbìnrin kan wà tí ọ̀pọ̀ ìwé sọ pé Àìná ni orúkọ rẹ̀. Ní 1848, àwọn ọmọ-ogun Dàhómì kọ lu ìlú náà. Wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì kó òun lẹ́rú. Ní 1850, Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ọ̀dọ̀ Ọba Ghezo láti rọ̀ ọ́ kí ó jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Ghezo kò jáwọ́, ṣùgbọ́n ó fi ọmọ náà ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ. Nígbà tí a ṣe ìsàmì fún un, Sarah Forbes Bonetta ni a sọ ọ́: Forbes ni orúkọ ọ̀gá ọkọ̀, Bonetta sì ni orúkọ ọkọ̀ náà. Àìná jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi ni a fi rọ́pò rẹ̀.

A mú un dé iwájú Ọbabìnrin ní Windsor ní oṣù kọkànlá 1850. Victoria fẹ́ràn rẹ̀, ó sì san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. A rán an lọ sí Freetown ní 1851. A tún dá a padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1855. Nígbà tí J. P. L. Davies, oníṣòwò ọmọ Yorùbá tí a bí ní Sàró, wá tọrọ rẹ̀, kò kọ́kọ́ gbà. Àwọn alágbàtọ́ rẹ̀ rọ̀ ọ́, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó ní Brighton ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 1862. Èkó ni wọ́n wá fi ṣe ilé. Àkọ́bí wọn ń jẹ́ Victoria. Ọbabìnrin ni ìyá ìsàmì rẹ̀, ó sì fi ife wúrà ránṣẹ́ sí i.

Ikọ́ ife mú Sarah. Ó lọ sí erékùṣù Madeira láti wá atẹ́gùn tí yóò wò ó sàn, gẹ́gẹ́ bí àwọn mìíràn ti ń lọ sí Ventnor. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ 1880. Victoria Davies, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ń lọ kí Ọbabìnrin ní Osborne nígbà tí ìròyìn ikú ìyá rẹ̀ bá a. Ọbabìnrin kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ òun nínú ọ̀fọ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà ka ìtàn yìí. Àwọn kan rí àánú nínú rẹ̀: a gba ọmọ lọ́wọ́ ikú, a tọ́ ọ, a kọ́ ọ, a kò sì pa ọmọ rẹ̀ tì. Òótọ́ ni. Àwọn mìíràn rí i pé ọba kan fi ènìyàn ta ọba mìíràn lọ́rẹ, àti pé láti Òkè-Ọ̀dàn dé Brighton, àwọn ẹlòmíràn ni ó ń pinnu ibi tí Àìná yóò gbé. Òótọ́ ni èyí pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá di ọ̀kan mú tí ó ju ìkejì nù, ìdajì ìtàn ni ó kà.

Ó pẹ́ kí Osborne tó fi ojú Sarah han àlejò. Ní oṣù kẹwàá 2020 ni a gbé àwòrán rẹ̀ síbẹ̀, èyí tí Hannah Uzor fi ọ̀dà yà láti inú fọ́tò tí Sarah yà nínú aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìdánwò nípa àjọṣe Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1800 sí 1900, kí ó má fi ọ̀rọ̀ mọ sí ogun Èkó ti 1851 àti ìwé àdéhùn 1861 nìkan. Kí ó rántí Àìná àti ọmọ rẹ̀. Bí olùkọ́ bá sì ń kọ́ni nípa ibi ìgbafẹ́ èyíkéyìí, yálà nílé yálà lókè òkun, kí ó kọ́ àwọn ọmọ láti béèrè pé: ta ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá síbí, ta sì ni a mú wá? Ní Erékùṣù Wight, ìbéèrè yìí ni ó so ọba tí ó há sójú fèrèsé, àwọn ọmọ Parkhurst àti ọmọ Òkè-Ọ̀dàn pọ̀ mọ́ ìtàn kan náà.