Fèrè Onídán ti Beecham: rẹ́kọ́ọ̀dù kan láti Berlin, 1937 sí 1938

Nígbà tí a sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wa ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ pé ọ́pẹ́rà àwọn ará Jámánì ni a fẹ́ kọ nǹkan lé lórí lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín ni wọ́n fi wá rín. Wọ́n ní kí ló kan ọmọ tó ń kọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ Mozart. A ò bá wọn jiyàn. Ẹni tó bá ti ka ìtàn eré orí ìtàgé wa mọ̀ pé "ọ́pẹ́rà" ni wọ́n ń pe eré Hubert Ògúndé àti ti Dúró Ládiípọ̀ nígbà kan, àti pé Ọba Kò So ti Ládiípọ̀ dé ìlú Berlin ní 1964. Berlin yìí náà ni ọ̀rọ̀ wa dá lé, àmọ́ Berlin ti ayé Hitler ni.

Rẹ́kọ́ọ̀dù tí a jókòó tì ni ti Die Zauberflöte, tí àwa ń pè ní Fèrè Onídán láàárín ara wa. Mozart ló ṣe orin rẹ̀, Emanuel Schikaneder ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1791 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Vienna, kì í ṣe láàfin, bí kò ṣe ní gbọ̀ngàn eré kan lẹ́yìn odi ìlú. Èdè Jámánì ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n á kọrin, wọ́n á dákẹ́ orin, wọ́n á sọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀, orin á tún bẹ̀rẹ̀. Schikaneder fúnra rẹ̀ ló ṣe Papageno, ọkùnrin tó ń mú ẹyẹ fún Ọbabìnrin Òru, tí wọ́n ń fi oúnjẹ àti ọtí san án. Papageno yìí, Ìjàpá gan-an ni. Ó bẹ̀rù, ó ń jẹun, ó ń purọ́, títí wọ́n fi ti àgádágodo mọ́ ọn lẹ́nu torí pé ó ní òun lòun pa ejò tí ẹlòmíràn pa. Oṣù méjì àti ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí eré náà bẹ̀rẹ̀ ni Mozart kú, ẹni ọdún 35.

Ìtàn náà kò ṣòro. Ọbabìnrin Òru rán ọmọ ọba kan tó ń jẹ́ Tamino pé kó lọ gba ọmọ òun, Pamina, lọ́wọ́ Sarastro tó jí i gbé. Nígbà tí Tamino débẹ̀, ó rí i pé Sarastro kì í ṣe òǹrorò, pé olórí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́gbọ́n ni. Wọ́n dán Tamino wò bí ẹni ń wọ awo, wọ́n ní kó má sọ̀rọ̀, kó gba inú iná àti omi kọjá. Ẹgbẹ́ Freemason ni wọ́n ń fi gbogbo èyí júwe. Ọmọ ẹgbẹ́ náà ni Mozart.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí rẹ́kọ́ọ̀dù. Thomas Beecham, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló darí rẹ̀. Ẹgbẹ́ Berlin Philharmonic ló lo ohun èlò orin. Walter Legge ti ilé iṣẹ́ HMV ní Lọ́ńdọ̀nù ló ṣètò rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1937, wọ́n parí ní oṣù kẹta 1938. Nígbà náà kò sí pé à ń gé ohùn, à ń tún un lẹ̀. Orí ìda ni wọ́n ń gbà á sí tààrà, ojú awo kan kò sì gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún lọ. Bí olórin bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pe ní ìṣẹ́jú kẹta, wọ́n á tún ojú awo yẹn bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀ ni. Awo 19 ni Fèrè Onídán gbà, ojú 37. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ tán nínú ilé rẹ̀ kò lè sùn lọ, torí á máa dìde ṣáá nídìí giramafóònù. (Ilé iṣẹ́ tó ni orúkọ HMV yìí náà ló ni Zonophone, tó gba orin Yorùbá 43 lẹ́nu Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Òdiwọ̀n awo tó fún orin tiwọn lọ́rùn ló fún tiwa náà.)

Kí ló dé tó fi jẹ́ Berlin? Ìbéèrè yìí ló gba àkókò wa jù. HMV ti gba ọ́pẹ́rà Mozart mẹ́ta ṣáájú, láàárín 1934 sí 1936, ní Glyndebourne nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó darí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Fritz Busch, ọmọ Jámánì tí àwọn Násì lé kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀ ní Dresden ní 1933. Ẹni tí wọ́n lé nílùú ló gba mẹ́ta àkọ́kọ́. Fún ẹ̀kẹrin, wọ́n gba ìlú àwọn tó lé e lọ. Beecham kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Ní 1936, ó kó ẹgbẹ́ London Philharmonic rẹ̀ lọ sí Jámánì, Hitler sì wà níjókòó nígbà tí wọ́n ṣeré ní Berlin. Akọ̀wé tó bá Beecham rin ìrìn àjò yẹn ni Berta Geissmar, obìnrin Júù tó ti kọ́kọ́ sá kúrò ní Berlin kan náà torí ẹ̀mí rẹ̀. A ka èyí lẹ́ẹ̀mejì kí a tó gbà á gbọ́.

Ẹ wá wo àwọn tí a ò gbọ́ ohùn wọn nínú rẹ́kọ́ọ̀dù yìí. Richard Tauber, tẹ́nọ̀ tí gbogbo ìlú Berlin ń wọ́ tẹ̀ lé rí, ti kúrò ní Jámánì ní 1933 lẹ́yìn tí àwọn jàǹdùkú Násì lù ú, torí pé ìdílé bàbá rẹ̀ wá láti inú àwọn Júù. Alexander Kipnis, Júù, tí ohùn báàsì rẹ̀ bá Sarastro mu bí ẹni pé òun ni wọ́n dá a fún, ń kọ ipa náà ní Salzburg lábẹ́ Toscanini ní 1937 gan-an. Kò sí èyí tó lè wọ Berlin kó wá kọrin nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tó di 1938, Tauber kọ Tamino fún Beecham ní Covent Garden. Ìyẹn ni pé Beecham mọ ibi tó wà.

Helge Rosvaenge, ọmọ Denmark, ló kọ Tamino ní Berlin. Ohùn rẹ̀ lágbára, ó dán bíi idẹ, àmọ́ jagunjagun ló jọ, kò jọ ọmọkùnrin tí àwòrán obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí lórí. Wilhelm Strienz ló kọ Sarastro. Ọ̀kan nínú wa tó ń kọ báàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì fi ìka tẹ tábìlì nígbà tí Strienz dé ìsàlẹ̀ orin, ó ní, "Ẹ gbọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Òótọ́ ni, ohùn náà dùn láàárín, ó sì ń gbẹ bó bá ti ń lọ sísàlẹ̀. Nígbà ogun, Strienz yìí di ẹni tí àwọn sójà Jámánì ń gbọ́ lórí rédíò.

Àwọn yòókù ńkọ́? Àwọn yòókù dùn. Erna Berger tó kọ Ọbabìnrin Òru kan ohùn òkè yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń to ìlẹ̀kẹ̀, kò sì pariwo. Gerhard Hüsch tó ṣe Papageno ń pe ọ̀rọ̀ débi pé àwa tí a ò gbọ́ Jámánì mọ ìgbà tó ń ṣàwàdà. Beecham kò kánjú, kò sì fà. Lóòótọ́, a ti gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ìgbà tiwa méjì tí ohùn wọn mọ́ ju èyí lọ, kò sì sí èyí tó mú wa rẹ́rìn-ín tó báyìí.

Ibi tí ẹnu wa kò ti kò ni ọ̀rọ̀ Monostatos. Ẹ̀dá-ìtàn aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo tó lórúkọ nínú eré náà nìyẹn. Ẹrú Sarastro ni, òun ló ń ṣọ́ Pamina, ó sì ń wá ọ̀nà láti fipá bá a lò. Heinrich Tessmer ló kọ ọ́ ní Berlin. Ó ní orin kan tó yára, tó rọra, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: ó ní gbogbo ẹ̀dá ló ń gbádùn ìfẹ́, pé òun nìkan ni wọn ò gbà á láyè torí pé dúdú kò dára lójú wọn, ó béèrè bóyá òun náà kò ní ọkàn. Ní òpin apá kìíní, Sarastro ní kí wọ́n na án ní ẹgba 77 ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ègbè sì gbé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n ń yin Sarastro pé ọlọ́gbọ́n tó mọ ẹ̀san-án san ni. Nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, ègbè yẹn dùn púpọ̀. Ohun tó bí wa nínú gan-an nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà tún ní ìkọ́ kan. Legge kò gba ìtàkúrọ̀sọ kankan sínú awo. Orin nìkan ló wà níbẹ̀. Gbólóhùn tí Sarastro ti sọ fún Monostatos pé ọkàn rẹ̀ dúdú bí ojú rẹ̀, inú ìtàkúrọ̀sọ ló wà, nítorí náà kò sí nínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Àwọn kan nínú wa ní ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ inú ìtàkúrọ̀sọ yìí náà ni Papageno, lẹ́yìn tí òun àti Monostatos ti dẹ́rù ba ara wọn, ti ro ọ̀rọ̀ náà tó sì ní, ṣebí ẹyẹ dúdú wà láyé, kí ló dé tí èèyàn dúdú kò fi ní sí. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n jù lọ nínú eré náà, ẹnu aláwàdà ló ti jáde, awo sì ti gé e dànù. Ohun tó kù sétí olùgbọ́ ni ìbẹ̀rù àwọn méjèèjì, ẹgba 77, àti ègbè. Àwa tí a ti gbọ́ téèpù eré alárìnjó tí wọ́n gba orin rẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ mọ ohun tí irú àgékù bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí eré.

Adúláwọ̀ kan wà ní Vienna nígbà ayé Mozart. Angelo Soliman ni orúkọ rẹ̀, wọ́n kó o lẹ́rú láti Áfíríkà ní kékeré. Ó kàwé, ó gbọ́ èdè púpọ̀, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ Freemason, nínú ẹ̀ka tí Mozart náà máa ń yà sí. Àwọn tó wà nínú ìpàdé náà mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú lè jẹ́ ọlọ́gbọ́n. Nígbà tí Soliman kú ní 1796, wọ́n bó awọ ara rẹ̀, wọ́n ki nǹkan sí i nínú, wọ́n sì gbé e sí ibi ìpàtẹ ohun àrà ọba, títí iná fi jó o nínú rògbòdìyàn 1848.

Ọ̀kan nínú wa ní kí a má tún gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù yìí mọ́. Òmíràn ní etí kò mọ ìṣèlú, pé ohun tó dùn dùn. A ò gba ti èyí àkọ́kọ́, a ò sì gba ti èkejì. Ìdájọ́ wa ni pé ó dára, pé kò pé, àti pé kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ eré náà lódindi kà.

Bí àkókò yín kò bá tó, ẹ gbọ́ orin kan ṣoṣo, èyí tí Pamina kọ nígbà tó rò pé Tamino kò fẹ́ òun mọ́. Tiana Lemnitz ló kọ ọ́. Ó fa ohùn náà sókè títí ó fi tín-ín-rín bí òwú, kò sì já. Tamino wà níwájú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, wọ́n ní kó má sọ̀rọ̀ ni kò fi dá a lóhùn. Awo kò sọ ìyẹn fún wa. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gba ojú awo ìkẹyìn, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta 1938, àwọn sójà Hitler wọ Austria, wọ́n sì dé Vienna tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ orin náà.