Kàtídírà Marina: Ilé Tó Gba Ìrísí Gẹ̀ẹ́sì

Kàtídírà Christ Church tó wà ní Marina, ní Erékùṣù Èkó, ni kàtídírà Áńgílíkà tó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà. Ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 1867 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé àkọ́kọ́ lélẹ̀ níbẹ̀, ìsìn sì bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀ ní ọdún 1869. Lásìkò náà, àwọn Ìjẹ̀bú kò tí ì gba àwọn míṣọ́nnárì láàyè. Ẹ̀yìn ogun Ìmàgbọn ti ọdún 1892 ni ìgbàgbọ́ tó ráyè wọ ọ̀dọ̀ wọn dáadáa.

Ilé tó wà níbẹ̀ lónìí kì í ṣe ti àkọ́kọ́. Bagan Benjamin ló ya àwòrán rẹ̀. Ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì tó di Ọba Edward Kẹjọ lẹ́yìn náà ló fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹrin, ọdún 1925. Ọdún 1946 ni wọ́n tó parí rẹ̀.

Gothic ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Faransé ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn tí iná jó apá kan kàtídírà Canterbury ní ọdún 1174, William ará Sens fi ọnà yìí tún un kọ́. Orí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà a máa rí ṣóńṣó, èyí tó ń darí ẹrù òrùlé sórí àwọn òpó, tí ògiri fi lè gba fèrèsé gíga. Ní Canterbury yìí kan náà ni wọ́n ti fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹfà, ọdún 1864.

Bí ilé ṣe jẹ́ ti àlejò tó, àwọn ọmọ Yorùbá kò jẹ́ kí orin inú rẹ̀ jẹ́ ti àlejò pátápátá. Thomas Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips ló ń tẹ dùùrù, tó sì ń darí akọrin níbẹ̀ láti ọdún 1914 títí di 1962. Ó rí i pé ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì máa ń lọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá po, nítorí bí ohùn bá yí, ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko lè di ọkọ̀ tí à ń wọ̀. Ó kọ orin tó tẹ̀ lé ohùn èdè wa, ó sì tẹ ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953. Ogún yìí kò kéré sí ti ilé náà.