Maytansine: Èròjà Ara Igi Tí Ó Di Oògùn Jẹjẹrẹ Ọyàn

Ọ̀pọ̀ ìdílé ló máa ń sọ pé ara ewé àti egbò ni oògùn òyìnbó ti wá, nítorí náà àgbo náà tó. A fẹ́ fi ìtàn maytansine ṣàlàyé ohun tó wà láàárín igi àti oògùn.

Ní ọdún 1972, S. Morris Kupchan àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn rí èròjà yìí lára igi kékeré kan, Maytenus, láti ilẹ̀ Ethiopia. Kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì lè pín sí méjì, sẹ́ẹ̀lì náà yóò sì kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán an wò lára aláìsàn, kò mọ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yàtọ̀ sí èyí tó sàn. Ó ń da inú wọn rú, ó sì ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́. Wọ́n pa á tì.

Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ló gbé e dìde padà. Bakitéríà kan máa ń pèsè èròjà tó jọ ọ́, nítorí náà wọn kò ní láti máa gé igi. Wọ́n tún ti bakitéríà yìí ṣe di DM1, wọ́n sì so ó mọ́ trastuzumab, èyí tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ HER2. Nínú obìnrin 100 tó ní jẹjẹrẹ ọyàn, nǹkan bíi 15 sí 20 ni HER2 máa ń pọ̀ jù lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ wọn. Sẹ́ẹ̀lì náà yóò gbé oògùn yìí mì, inú rẹ̀ ni májèlé náà yóò ti tú jáde. Ní ọdún 2013 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Kadcyla ni orúkọ tí wọ́n fi ń tà á.

Dírípù ni wọ́n fi ń fà á sára, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Ó ṣì lè pa ẹ̀dọ̀ lára, kò sì yẹ aláboyún.

Nítorí náà, ẹ má ṣe se irú igi bẹ́ẹ̀ mu: májèlé tí kò ní ìwọ̀n ni. Bí dọ́kítà bá sọ pé jẹjẹrẹ ọyàn ni, ẹ bi í pé: "Ṣé wọ́n ti yẹ HER2 wò?" Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò fi hàn bóyá irú oògùn yìí bá aláìsàn náà mu. Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn.