Ère Fídíò

Ère fídíò ni iṣẹ́ ọnà tí a fi tẹlifíṣọ̀n tàbí ẹ̀rọ mìíràn tó ń gbé àwòrán jáde ṣe. Ní sinimá, a máa ń gbàgbé aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀. Nínú ère fídíò, àpótí ẹ̀rọ náà wà lára iṣẹ́: bó ṣe tóbi tó, ibi tí wọ́n gbé e sí, àní wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ pàápàá.

Nam June Paik, ọmọ Kòríà, ni aṣáájú àwọn tó ń ṣe ère fídíò. Ní oṣù Kẹta ọdún 1963, ó ṣe ìpàtẹ àdáṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Galerie Parnass, ní ìlú Wuppertal ní Jámánì, ó sì kó àwọn tẹlifíṣọ̀n tó ti da àwòrán wọn rú síbẹ̀. Ní 1965, ó gbé irin òòfà lé orí tẹlifíṣọ̀n kan, ni àwòrán inú rẹ̀ bá lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni TV Buddha ti 1974: ère Búdà jókòó, kámẹ́rà dojú kọ ọ́, òun náà sì ń wo ara rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n. Kò sí nǹkan kan tó ń ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ ẹsẹ̀ kì í tètè kúrò níbẹ̀.

Àwọn kan á ní ohun tí a kò gbẹ́ kì í ṣe ère. Ta ló wá gbẹ́ ère amọ̀ àti ère idẹ Ifẹ̀? Wọ́n mọ ti amọ̀ ni, wọ́n sì da ti idẹ.

Ìṣòro gidi wà lọ́dọ̀ àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé: ilé iṣẹ́ kò ṣe irú tẹlifíṣọ̀n oníkùn ńlá tí Paik lò mọ́. Bí ọ̀kan bá kú, àlòkù ni wọ́n máa ń wá kiri.