Pápá ìṣeré Sùúrùlérè

Ẹ sọ fún kọ̀ńdọ́ pé "Stadium wà o," kò ní béèrè èwo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pápá Teslim Balogun wà lódìkejì títì. National Stadium ló máa wá sí i lọ́kàn.

Àdúgbò ló ṣáájú pápá. Láti 1955 nìjọba ti ń wó ilé onílé n'Ísàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí Sùúrùlérè. Ọdún 1972 ni wọ́n ṣí pápá náà.

Ibẹ̀ la ti gba ife Áfíríkà wa àkọ́kọ́, ní March 22, 1980. Mẹ́ta sí òdo la na Algeria, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí nìkan jẹ méjì. Ibẹ̀ náà ni Sam Okwaraji ṣubú sí ní August 12, 1989, nígbà tá à ń bá Angola gbá a, kò sì dìde mọ́. Lọ́yà ni, ọmọ ọdún 25 péré.

Nígbà tí pápá Abuja dé ní 2003, wọ́n pa ti Sùúrùlérè tì, koríko gba inú ẹ̀. Èmi ò rí àwíjàre kankan fún ìyẹn. Àwọn ọmọ àdúgbò ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù láyìíká ibẹ̀.