Oṣù Wo ni Owó Ilé-ìwé Yóò Jáde?

"Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè." A sábà máa ń pa òwe yìí láti fi pàrọwà fún àgbà tó ń fojú di ọmọdé, tàbí fún ọmọdé tó rò pé òun ti tó tán. Ṣùgbọ́n òwe náà kò wí pé kí àwọn méjèèjì ṣáà fẹ́ràn ara wọn. Ohun tó wí ni pé ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ní ibi tí kò lè dé, bó ti wù kí ẹni tó ni ín lágbára tó. Àgbà tó bá ki ọwọ́ bọ kèrègbè tipátipá yóò fọ́ ọ ni. Ọmọ tó bá fò mú nǹkan orí pẹpẹ yóò dà á nù. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ ká ti mọ ọwọ́ tí yóò ṣe èwo.

Ohun tí ìjọba orílẹ̀-èdè Benin àti àwọn òbí ọmọ kò tíì yanjú láàárín ara wọn lórí owó ilé-ìwé ìjọba nìyẹn. Àjàṣẹ́ ni mo sì fẹ́ ti sọ ọ́, nítorí níbí ni Ilé Aṣòfin wà, níbí ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí ètò ìṣúná lọ́dọọdún.

Nígbà tí ìjọba Mathieu Kérékou gbé ètò ẹ̀kọ́ tuntun kalẹ̀ ní 1975, wọ́n ní kí ilé-ìwé jẹ́ ibi iṣẹ́ pẹ̀lú: kí ọmọ dáko, kí ó sin nǹkan ọ̀sìn, kí ilé-ìwé máa rí díẹ̀ fi ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí owó ìjọba fi tán. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ, báńkì ìjọba dẹnu kọlẹ̀, oṣù ń gorí oṣù tí olùkọ́ kò rí owó gbà, ìyanṣẹ́lódì gba ìgboro kan, wọ́n sì fagi lé ọdún ẹ̀kọ́ 1988 sí 1989 pátá. Odidi ọdún kan nínú ayé ọmọ! Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí àwọn kan ń sọ̀rọ̀ ètò ìṣúná bí ẹni pé ìṣirò lásán ni.

Ní àkókò yẹn kan náà ni ìjọba dáwọ́ gbígba olùkọ́ dúró. Àwọn ẹgbẹ́ òbí wá ń gba olùkọ́ fúnra wọn, wọ́n ń dá owó oṣù rẹ̀ láàárín ara wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ wọ̀nyí kò kọ́ṣẹ́ olùkọ́ rí, ṣùgbọ́n àwọn ni kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn kíláàsì tì. A kò tíì dúpẹ́ tó lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè ti oṣù kejì 1990 ni òfin ìpìlẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún náà jáde. Abala 13 rẹ̀ wí pé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ dandan, àti pé díẹ̀díẹ̀ ni Ìjọba yóò sọ ẹ̀kọ́ ilé-ìwé ìjọba di ọ̀fẹ́. Díẹ̀díẹ̀ yẹn gba ọdún mẹ́rìndínlógún. Ní 2006 ni Ààrẹ Boni Yayi pa owó ilé-ìwé rẹ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìjọba sì ṣèlérí owó ìrànwọ́ fún ilé-ìwé dípò èyí tí òbí ń san. Ìpinnu rere ni, àwọn ọmọ sì ya wọ kíláàsì.

Ibi tí ọ̀ràn wà ni pé ọdún ìṣúná máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní, ilé-ìwé sì máa ń wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé bá ṣílẹ̀kùn, ètò ìṣúná tó wà nílẹ̀ ti ń kú lọ, tuntun kò sì tíì débẹ̀. Ẹ wo ohun tó dúró níwájú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kìíní: ṣọ́ọ̀kì, ìwé orúkọ ọmọ, ìgbálẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbẹ́, bẹ́ǹṣì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀, páànù tí òjò ti ṣí. Gbogbo rẹ̀ kò tó nǹkan lójú ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó lè dúró de oṣù kìíní. Kí ni yóò ṣe? Yóò pe ìpàdé òbí. Ìyá tó ti ra aṣọ kákí àti ìwé fún ọmọ mẹ́ta yóò tún tú ìdí ìró rẹ̀. Báyìí ni owó tí òfin lé jáde ṣe ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, kò sì ní rìsíìtì mọ́.

Àpò tí owó ti ń jáde pàápàá kì í ṣe ọ̀kan. Owó oṣù olùkọ́ ń ti ọwọ́ ìjọba orílẹ̀-èdè wá. Kíkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti títún un ṣe jẹ́ ti kọ́múùnù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, láti ìgbà òfin 1999 tó pín agbára fún kọ́múùnù 77. Bí páànù bá ṣí, ọ̀gá ilé-ìwé yóò kọ̀wé sí kọ́múùnù. Bí olùkọ́ kò bá sí, yóò kọ̀wé síbòmíràn. Kò sí ẹnì kan tó rí ilé-ìwé náà lódindi àyàfi òbí tó ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, òun náà ni kò sì lágbára lórí àpò kankan.

Àwọn ará wa ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà fojú rí irú ọ̀ràn owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yìí. Kí Awólọ́wọ̀, olórí ìjọba agbègbè náà, tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, ìjọba rẹ̀ ti kọ́kọ́ bu owó-orí ṣílè mẹ́wàá àti sísì fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Àwọn ènìyàn bínú, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, sì fìdí rẹmi ní agbègbè tirẹ̀ nínú ìdìbò àpapọ̀ 1954. Wọn kò torí rẹ̀ padà sẹ́yìn. Ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún níbẹ̀ ni pé wọ́n sọ fún aráàlú ṣáájú ibi tí owó yóò ti wá, kí ọmọ kìíní tó jókòó sí kíláàsì.

Ní 2015, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Incheon, wọ́n ní kí ìjọba máa fi ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìnáwó rẹ̀ sórí ẹ̀kọ́. Ó dára, ṣùgbọ́n owó púpọ̀ tó pẹ́ kò ra ṣọ́ọ̀kì oṣù kẹsàn-án. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí òfin ìṣúná ya iye owó kan sọ́tọ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láti oṣù kìíní, kí ó sì ti wà ní ìkáwọ́ ilé-ìwé kí oṣù kẹjọ tó parí. Kí iye náà má sì rí bákan náà níbi gbogbo. Ilé-ìwé tó wà nítòsí ọjà Wàǹdó lè fi kẹ̀kẹ́ ru sìmẹ́ǹtì. Ní Aguégués, lórí omi, ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé e, iyanrìn pẹ̀lú. Ẹni tó bá pín owó ọgbọọgba fún àwọn méjèèjì ti fi ọmọ orí omi sílẹ̀.

Ti òbí kì í tún ṣe sísan. Kí wọ́n lẹ iye tó wọlé mọ́ ara ògiri ilé-ìwé, kí aṣojú òbí méjì sì máa fọwọ́ sí ohun tí wọ́n rà, nítorí àwọn ló mọ bẹ́ǹṣì tó yẹ̀. Oṣù kẹwàá ni ìwé ètò ìṣúná máa ń wà níwájú àwọn aṣòfin ní Àjàṣẹ́ níbí. Kí ẹni tó bá pàdé aṣòfin tirẹ̀ bi í pé oṣù wo ni owó ilé-ìwé yóò jáde, kí ó sì ní kó kọ oṣù náà sínú òfin.