Bí jẹjẹrẹ ọmú ṣe ń ránṣẹ́ sí egungun, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró kí ó tó débẹ̀

Obìnrin lè ní jẹjẹrẹ ọmú, kí ó jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ń ro ó. Àwọn ará ilé á ní làkúrègbé ni, wọ́n á máa fi òróró pa á. Báwo ni àìsàn ọmú ṣe ń dé egungun ẹ̀yìn?

Àwọn sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ohun tín-ín-tìn-ìn-tín tí ara wa papọ̀ jẹ́, máa ń ránṣẹ́ síra wọn. Iṣẹ́ yìí ló ń sọ ìgbà tí wọn yóò pọ̀ sí i àti ìgbà tí wọn yóò dúró. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kì í gbọ́ "dúró" mọ́, ṣùgbọ́n òun ṣì ń ránṣẹ́. Ó ń pe iṣan ẹ̀jẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kí ó lè rí oúnjẹ. Ó ń tan àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó bá a jà. Lẹ́yìn náà, díẹ̀ á já kúrò. Abẹ́ abíyá ni wọ́n sábà kọ́kọ́ ń yà sí, ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń fọwọ́ kan ibẹ̀.

Ní ọdún 1889, dókítà Stephen Paget ní London yẹ àkọsílẹ̀ àwọn obìnrin 735 tí jẹjẹrẹ ọmú pa wò. Ó rí i pé àìsàn náà ń yan ibi tó ń lọ. Ó fi í wé irúgbìn: ibi gbogbo ló ń bọ́ sí, ilẹ̀ tó gbà á ló ń hù sí. (Àgbẹ̀ ilé wa ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un.)

Ta ló wá ń tún ilẹ̀ náà ṣe? Ní 2015, David Lyden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York fi hàn, nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lára eku, pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń rán àwọn àpò kékeré tí à ń pè ní exosome ṣáájú. Àmì ara àpò náà ló ń sọ bóyá ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró ni yóò wọ̀ sí. Àwa ará Ajégúnlẹ̀ tí a múlé gbe Mile 12 mọ irú èyí: ẹni tó ń kó tòmátò bọ̀ láti Òkè Ọya á ti fóònù kí wọ́n bá òun gba àyè sílẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì tó bá débẹ̀ lè sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó jí. Bó bá sì jí nínú egungun, jẹjẹrẹ ọmú náà ni, òògùn jẹjẹrẹ ọmú ni wọn yóò lò sí i.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn kí ó tó lọ sí Chicago, wà lára àwọn tó fi hàn pé irú èyí tó ń yára tàn, tí òògùn hòmóònù kì í ràn, wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin ilẹ̀ wa. Kókó ọmú kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má dúró de ìrora.

Ní ti àwọn tó ń tijú pé ọkùnrin ni dókítà: ẹ béèrè fún obìnrin. Bí kò bá sí, ìnira ni, Sharia sì yọ̀ǹda kí ọkùnrin ṣe àyẹ̀wò náà, kí ọkọ tàbí ará ilé wà níbẹ̀. LASUTH wà ní Ìkẹjà. Ní LUTH, Ìdí-Àràbà, ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí ní 2019 ní ẹ̀rọ onítànṣán.